Ìfìwàwẹ̀dá Nínú Eré Ìtàn Orí Tábìlì: Bí A Ṣe Lè Ran Ọ̀gbẹ̀rì Lọ́wọ́ Láti Dá Ẹ̀dá Tirẹ̀

1. Ìfáàrà

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú pépà yìí ni iṣẹ́ kan tí ó dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n tí ó máa ń pinnu bóyá ẹni tí ó wá sí ìdí eré fún ìgbà àkọ́kọ́ yóò tún padà wá. Iṣẹ́ náà ni dídá ẹ̀dá-ìtàn nínú irú eré tí a ó máa pè ní eré ìtàn orí tábìlì. Àwa tí a ń ṣe lámèyítọ́ ìtàn-àròsọ àti eré-onítàn ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí ìfìwàwẹ̀dá, ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé ni a sábà máa ń kà sí ẹni tí ó ń fi ìwà wọ ẹ̀dá. Nínú eré tí à ń sọ yìí, kò sí òǹkọ̀wé kan tí ó dá jókòó síbì kan. Ẹni tí ó dá ẹ̀dá náà ni yóò máa sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, òun ni yóò máa rò fún un, òun náà ni àbájáde ohun tí ó bá yàn yóò sì dé bá.

Kí ọ̀rọ̀ wa lè yé ẹni tí kò rí irú eré bẹ́ẹ̀ rí, ẹ jẹ́ kí a sọ bí a ṣe ń ṣe é. Ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún á jókòó yí tábìlì ká. A ó máa pe ọ̀kan nínú wọn ní atọ́kùn. Atọ́kùn ni yóò sọ ibi tí ìtàn wà àti ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Òun ni yóò sì máa sọ̀rọ̀ lẹ́nu gbogbo ará ìlú, ẹranko àti ọ̀tá tí ìtàn bá mú wá. Olúkúlùkù àwọn yòókù ní ẹ̀dá kan ṣoṣo tí ó jẹ́ tirẹ̀, tí a kọ ìṣe rẹ̀ sínú ìwé pélébé kan. Bí atọ́kùn bá ní, “Ẹ dé etí odò, afárá ti já,” olúkúlùkù á sọ ohun tí ẹ̀dá tirẹ̀ ṣe. Bí ó bá di ohun tí ó lè ṣeé ṣe tí ó sì lè máà ṣeé ṣe, wọn á da dáìsì, irú èyí tí a fi ń ta lúdò, láti mọ bí ó ṣe já sí.

Ọ̀gbẹ̀rì ni a ó máa pe ẹni tí kò tí ì ṣe irú eré yìí rí. Lójú àwọn awo, ọ̀gbẹ̀rì kì í ṣe òmùgọ̀. Ohun tí ó wà nínú igbàlẹ̀ ni kò tí ì rí. Èrò tí a fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé kì í ṣe pípọ̀ tí òfin pọ̀ ni ó ń lé ọ̀gbẹ̀rì sá, bí kò ṣe pé à ń ní kí ó yan ohun tí kò lè rí ìgbẹ̀yìn rẹ̀. Ìrànlọ́wọ́ gidi, nítorí náà, ni kí á tún ètò ìyàn náà tò, kí ènìyàn ṣáájú, kí nọ́ńbà sì tẹ̀ lé e.

2. Bí iṣẹ́ náà ṣe rí ní ìbẹ̀rẹ̀

Ọdún 1974 ni Gary Gygax àti Dave Arneson gbé eré tí wọ́n pè ní Dungeons & Dragons jáde ní Amẹ́ríkà. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan, Tactical Studies Rules, ní ìlú Lake Geneva ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, ni ó tẹ̀ ẹ́. Ìwé kékeré mẹ́ta nínú àpótí kan ni. Àwọn méjèèjì ti ń ṣe eré ogun tẹ́lẹ̀, níbi tí ènìyàn kan ti ń darí odidi ẹgbẹ́ ọmọ-ogun tí a fi ère kéékèèké ṣàpẹẹrẹ. Ohun tuntun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n sọ ọ́ di ènìyàn kan sí ẹ̀dá kan, ẹ̀dá náà sì lè ti inú ìtàn kan bọ́ sínú òmíràn, kí ó máa ní ìmọ̀ àti agbára sí i.

Ohun mẹ́fà ni wọ́n fi ń wọn ẹ̀dá: agbára, làákàyè, ọgbọ́n, líle ara, ìjáfáfá àti ọ̀yàyà. Dáìsì olójú mẹ́fà mẹ́ta ni a óò dà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí a ó sì ro wọ́n pọ̀, tí yóò fi bọ́ sí àárín 3 sí 18. Nínú ìwé ti 1974, atọ́kùn gan-an ni a ní kí ó da dáìsì náà. Ọ̀nà 216 ni dáìsì mẹ́ta lè gbà jókòó. Ọ̀kan péré nínú wọn ni ó ń mú 18 wá, ọ̀kan péré ni ó sì ń mú 3 wá, nígbà tí ọ̀nà 54, èyíinì ni ìdá mẹ́rin gbogbo rẹ̀, ń mú 10 tàbí 11 wá. Ẹni tí kò tayọ tí kò sì rẹ̀yìn ni ọ̀pọ̀ ẹ̀dá yóò jẹ́. Lẹ́yìn èyí, ọ̀gbẹ̀rì yóò yan ọ̀kan nínú iṣẹ́ mẹ́ta: jagunjagun, onídán tàbí àlùfáà.

A ó ṣe àkíyèsí pé ìyàn tí ó já lé ọ̀gbẹ̀rì léjìká kò pọ̀ rárá. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni a fi ń dá ẹ̀dá, ó sì rọrùn kí ẹ̀dá náà kú ní ọjọ́ kìíní. Bí ó bá kú, a ó dá òmíràn. Ìṣòro tí à ń sọ kò tí ì fi bẹ́ẹ̀ sí. Bí ìwé òfin ṣe ń sanra sí i ni ó ń yọjú. Nígbà tí ìwé àwọn òṣèré jáde ní 1978 tí ìwé atọ́kùn sì tẹ̀ lé e ní 1979, iṣẹ́, ìran, ohun ìjà àti ògèdè ti pọ̀ débi pé ẹni tí ó fẹ́ yàn ní láti kàwé kí ó tó yàn.

3. Ọ̀nà mẹ́ta tí a ń gbà dá ẹ̀dá

Bí a bá to àwọn eré tí ó ti jáde láti 1974 títí di òní, a ó rí i pé ọ̀nà mẹ́ta pàtàkì ni wọ́n ń gbà dá ẹ̀dá. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí Yorùbá fi ń sọ̀rọ̀ ìpín ènìyàn bá wọn mu: àkúnlẹ̀gbà, àkúnlẹ̀yàn àti àyànmọ́. A kò sọ pé àwọn tí ó ṣe eré wọ̀nyí gbọ́ nípa ìgbàgbọ́ Yorùbá. Orúkọ ni a yá lò, kí àlàyé wa lè já geere.

Èkíní ni àkúnlẹ̀gbà, èyí tí dáìsì bá fún ni ni à ń gbà. Bẹ́ẹ̀ ni ti 1974 tí a ṣàlàyé lókè. Àpẹẹrẹ tí ó jinlẹ̀ jù ú lọ ni Traveller, tí Marc Miller ṣe, tí ó jáde ní 1977. Ọmọ ọdún 18 ni ẹ̀dá máa ń jẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Yóò wọ iṣẹ́ ológun tàbí iṣẹ́ mìíràn, a ó sì máa da dáìsì fún un ní ọdún mẹ́rin mẹ́rin: bóyá ó yè, bóyá wọ́n gbé e ga, ohun tí ó kọ́. Nínú òfin ti 1977, ẹ̀dá lè kú sẹ́nu iṣẹ́ kí eré gan-an tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ti fi èyí ṣẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ńlá wà níbẹ̀. Bí ẹ̀dá bá jáde láàyè ní ẹni ọdún 34, ọ̀gbẹ̀rì mọ ibi tí ó ti kọ́ ìbọn yíyìn àti ìdí tí ó fi kúrò nínú iṣẹ́. Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ní ìtàn lẹ́yìn.

Èkejì ni àkúnlẹ̀yàn. Níbí, a ó fún òṣèré ní iye kan bí owó, kí ó fi ra ohun tí ó bá fẹ́. Champions ti 1981 lo ọ̀nà yìí. GURPS tí Steve Jackson gbé jáde ní 1986 sì fún ẹ̀dá tuntun ní 100 láti ná. Ẹni tí ó bá gba àléébù mọ́ra, bíi ojú tí kò ríran dáadáa tàbí ọ̀tá tí ń dọdẹ rẹ̀, yóò rí iye díẹ̀ gbà padà. Kò sí ọ̀nà tí ó fúnni ní òmìnira tó èyí. Ṣùgbọ́n òmìnira náà ni ó ń di ẹrù fún ọ̀gbẹ̀rì, nítorí ẹni tí kò mọ iye tí ọjà ń tà ni a gbé àpò owó lé lọ́wọ́.

Ẹ̀kẹta ni àyànmọ́. Ẹlòmíràn ti dá ẹ̀dá náà tán. À ń gbé e lé ọ̀gbẹ̀rì lọ́wọ́ ni. Àpótí àwọn olùbẹ̀rẹ̀ tí Dungeons & Dragons gbé jáde ní 2014 ní irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ márùn-ún nínú. Ọ̀nà yìí yá jù lọ, kò sì sẹ́ni tí ó lè fi ṣìnà. Àléébù rẹ̀ ni pé ọ̀gbẹ̀rì ń wọ ẹ̀wù ẹlẹ́wù. Bí ẹ̀dá náà bá kú, kò dùn ún. Bí ó bá sì ṣẹ́gun, ayọ̀ náà kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ tirẹ̀.

4. Ìyàn láìríran

Ta ni ó jàre nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Ọ̀nà kan ò wọjà. A kò ní sọ pé ọ̀kan dára, kí èyí tí ó kù sì burú. Ìbéèrè tí ó tọ́ ni pé, nígbà tí ọ̀gbẹ̀rì ń yàn, ǹjẹ́ ó rí ohun tí ó ń yàn?

Gbogbo wa ni a mọ ìtàn àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta tí wọ́n lọ yan orí nílé Àjàlá. Àwọn méjì tí ó ṣáájú wọlé, wọ́n mú èyí tí ó wù wọ́n lójú, òjò sì pa á lọ́nà, ó wó. Ìṣòro wọn kì í ṣe pé a kò jẹ́ kí wọ́n yàn. Orí pọ̀ níwájú wọn lọ rẹpẹtẹ. Ohun tí wọn kò ní ni ìmọ̀ tí ènìyàn fi ń dá èyí tí iná jó dáadáa mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí kò jiná. Afùwàpẹ́ nìkan ni ó rí ẹni tí ó mọ ìkòkò bá a yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí pé ó kọ́kọ́ bá Àjàlá san gbèsè tí ó ń sá fún. Orí rẹ̀ la òjò já. Àjàlá kò gbé ayé fún un; bí a ti ń mọ èyí tí ó le ni ó fi hàn án.

Bí a bá fi èyí wo ìwé òfin tòde-òní, ọ̀rọ̀ náà á yé wa. Ìwé Dungeons & Dragons ti 2014 ní iṣẹ́ 12 tí a lè yàn. Ẹni tí ó ti ṣe eré náà ní ọdún márùn-ún mọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò máa ṣe ní gbogbo alẹ́ eré. Ọ̀gbẹ̀rì kò mọ̀. Orúkọ àti àwòrán ni ó ń wò, bí àwọn ọ̀rẹ́ méjì yẹn ti wo ara orí tí ó ń dán. Bí ó bá wá rí i ní ọ̀sẹ̀ kẹta pé ohun tí òun yàn kì í ṣe ohun tí òun rò, ojú á tì í láti sọ ọ́, á sì rọra dẹ́kun wíwá.

Ẹ̀rí wà pé àwọn tí ń ṣe eré wọ̀nyí fúnra wọn ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ yìí díẹ̀díẹ̀. Èyí tí ó hàn kedere jù ni ìwé olùbẹ̀rẹ̀ tí Frank Mentzer ṣe ní 1983. Kò kọ́kọ́ ní kí òǹkàwé dá ẹ̀dá. Ó sọ ọ́ di jagunjagun, ó sì mú un wọ inú ihò kan lọ. Níbẹ̀ ni ó ti pàdé àlùfáà obìnrin kan, Aleena, tí ó tọ́jú ọgbẹ́ rẹ̀ tí ó sì là á lọ́yẹ̀. Níbẹ̀ náà ni onídán kan tí ń jẹ́ Bargle ti pa obìnrin náà. Ẹ̀yìn èyí ni dídá ẹ̀dá ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn. Nígbà náà, bí òǹkàwé bá rí ọ̀rọ̀ náà “àlùfáà” lára iṣẹ́ tí ó lè yàn, ó ti mọ ohun tí àlùfáà ń ṣe, ó sì ti mọ ohun tí ó ń jẹ́ láti pàdánù ọ̀kan. Call of Cthulhu ti 1981 gba ọ̀nà mìíràn dé ibì kan náà: iṣẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀ ni ó fi síwájú òṣèré, bí akọ̀ròyìn àti ọ̀jọ̀gbọ́n. Apocalypse World tí Vincent Baker kọ ní 2010 sì fún òṣèré kọ̀ọ̀kan ní ìwé kan tí gbogbo ìyàn tí ó kan irú ẹ̀dá tirẹ̀ wà nínú rẹ̀, kò sì sí ohun tí yóò lọ wá kiri nínú ìwé ńlá. Kódà, ìwé Dungeons & Dragons ti 2014 tí ó fi yíyan ìran ṣe ìgbésẹ̀ kìíní ti yí padà nínú ti 2024: iṣẹ́ tí ẹ̀dá ń ṣe ni ó ṣáájú níbẹ̀.

5. Ètò tí a dábàá

Ètò tí a fẹ́ dábàá fún ẹni tí yóò ran ọ̀gbẹ̀rì lọ́wọ́ kò ju ìbéèrè mẹ́rin lọ, kí a tó fọwọ́ kan dáìsì tàbí nọ́ńbà kankan:

(i) Iṣẹ́ wo ni ẹ̀dá rẹ ń ṣe?
(ii) Kí ni ó ń wá?
(iii) Ta ni ó mọ̀ nínú ẹ̀dá àwọn tí ó jókòó níhìn-ín?
(iv) Kí ni kò mọ̀ ọ́n ṣe?

Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan tó fún ìdáhùn. Ẹni tí a bá ní kí ó kọ ìtàn ìgbésí-ayé gígùn fún ẹni tí kò tí ì pàdé yóò dákẹ́ ni, a ó sì ti fi ẹrù kan rọ́pò òmíràn.

Ẹ jẹ́ kí a fi òfin ti 2014 ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ọ̀gbẹ̀rì dáhùn pé ọdẹ ni ẹ̀dá òun. Pé àbúrò rẹ̀ obìnrin wọ igbó lọ, kò bọ̀, òun ni ó sì ń wá. Olùrànlọ́wọ́ kò ní ṣí orí iṣẹ́ 12 sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Mẹ́ta tí ó bá ọdẹ mu ni yóò fi hàn án: ẹni tí ó mọ igbó, ẹni tí ó mọ ìjà, àti ẹni tí ó mọ bí a ti ń yọ́ rìn. Yóò fi gbólóhùn kan sọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe nígbà tí ewu bá dé. Ọ̀gbẹ̀rì mú èyí tí ó mọ igbó.

Nígbà náà ni nọ́ńbà kàn. Òfin náà gba òṣèré láyè láti pín nọ́ńbà mẹ́fà tí a ti ṣètò sílẹ̀: 15, 14, 13, 12, 10 àti 8. Ọdẹ nílò ọwọ́ tí ó yá, nítorí náà ìjáfáfá gba 15. Ó nílò ojú tí ó mọ ipasẹ̀, nítorí náà ọgbọ́n gba 14. Líle ara gba 13, agbára gba 12, làákàyè gba 10. Èyí tí ó kù ni 8, ọ̀yàyà ni ó bọ́ sí. Bí a bá wá bi í ní ìbéèrè kẹrin, ìdáhùn ti wà nílẹ̀: kò mọ ọ̀rọ̀ ọ́n sọ láwùjọ. Bí ó bá dé ààfin láti bẹ̀bẹ̀ nítorí àbúrò rẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò bá a sọ ọ́. Ta ni? Ìbéèrè kẹta dé nìyẹn. Bóyá àlùfáà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń ṣe ní tábìlì kan náà ni ó ti ń bá a sọ̀rọ̀ láti ìgbà èwe. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Ibi tí nọ́ńbà ti kéré jù nínú ìwé ni ẹ̀dá ti rí alábàárìn.

Àǹfààní kejì wà nínú fífi nọ́ńbà sẹ́yìn báyìí. Àwọn ògbóǹtarìgì a máa bẹ̀rù pé ọ̀gbẹ̀rì yóò pín nọ́ńbà rẹ̀ sí ibi tí kò yẹ. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Nínú òfin yìí, 15 ń fi 2 kún ohun tí dáìsì olójú ogún bá mú wá, 8 sì ń yọ 1 kúrò nínú rẹ̀. Ká ní ohun tí a fẹ́ ṣe gba pé kí àpapọ̀ tó 15. Ẹni tí ó ní àfikún 2 yóò ṣe é bí dáìsì bá mú 13 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wá, èyíinì ni ojú mẹ́jọ nínú ogún. Ẹni tí a yọ 1 fún nílò 16 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, èyíinì ni ojú márùn-ún nínú ogún. Kí a tó ka ohun tí iṣẹ́ àti ìran ń fi kún un, ojú mẹ́ta péré nínú ogún ni ó wà láàrin nọ́ńbà tí ó ga jù àti èyí tí ó kéré jù. Olùrànlọ́wọ́ tí ó bá fi wákàtí kan jiyàn lórí nọ́ńbà, ojú mẹ́ta yìí ni ó ń jiyàn lé. Ṣùgbọ́n ọ̀gbẹ̀rì tí kò mọ ohun tí ẹ̀dá rẹ̀ ń wá kò ní rí nǹkan kan sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ eré títí dé òpin.

Ohun mìíràn tí ó ṣe pàtàkì ni ìwà olùrànlọ́wọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti bèèrè, kí ó sì sọ ibi tí ìyàn kọ̀ọ̀kan yóò já sí. Kò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìdáhùn. Bí ó bá ní, “Má mú ìyẹn, èyí ni ó lágbára jù,” ó ti sọ àkúnlẹ̀yàn di àyànmọ́, ẹ̀dá náà sì ti di tirẹ̀. Ó tún yẹ kí àyè díẹ̀ ṣófo nínú ìwé ẹ̀dá, kí eré fúnra rẹ̀ kún un. Orúkọ àbúrò tí ó sọnù lè dúró di ìgbà tí ẹnì kan bá bèèrè rẹ̀. Lọ́nà kan, eré yìí sàn ju ilé Àjàlá lọ: bí ọ̀gbẹ̀rì bá rí i lẹ́yìn ọjọ́ kìíní pé ohun tí òun yàn kò bá òun lára mu, atọ́kùn lè gbà á láyè láti yí i padà. Ó yẹ kí a sọ èyí fún un kí ó tó yàn rárá.

6. Àtakò

Ẹnì kan lè sọ pé kíkọ́ òfin láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ó dára, nítorí pé ẹni tí a fi ìbéèrè rọ́ lójú kò ní mọ òfin láéláé. Ìdáhùn wa ni pé díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Òfin tí ènìyàn pàdé nígbà tí ó nílò rẹ̀ ni ó ń yé e. Ọdẹ tí ó fẹ́ ta ọfà ní ìgbà àkọ́kọ́ yóò bèèrè fúnra rẹ̀ bí a ti ń ta á.

Àtakò kejì lágbára jù ú lọ. Àwọn kan sọ pé dáìsì ni ó ń ran ọ̀gbẹ̀rì lọ́wọ́ jù, nítorí pé ó gba ẹrù ìyàn kúrò lórí rẹ̀, ó sì ń fún un ní ẹni tí kì bá tí ronú kàn. Òótọ́ ni èyí. Traveller ti fi hàn bẹ́ẹ̀. Bí a bá kíyè sí i, kò ta ko ohun tí a sọ: ẹni tí dáìsì fún ní ẹ̀dá kò yan ohun tí kò rí, nítorí kò yàn rárá. Ọ̀gbẹ̀rì tí ìbéèrè bá dẹ́rù bà lè da dáìsì, kí a sì wá bi í pé, “Ènìyàn wo ni ó lè ní irú nọ́ńbà wọ̀nyí?” Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí a fún ní ẹ̀dá tí a ti dá tán lè fún un ní orúkọ, kí ó dáhùn ìbéèrè kejì àti ìkẹta. Ẹ̀wù ẹlẹ́wù náà á di èyí tí a tún gé bá a lára mu.

7. Ìgúnlẹ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé láti 1974 ni àwọn tí ń ṣe eré ìtàn orí tábìlì ti ń gba ọ̀nà àkúnlẹ̀gbà, àkúnlẹ̀yàn àti àyànmọ́ dá ẹ̀dá. Pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àǹfààní rẹ̀. Àti pé ohun tí ó ń mú ọ̀gbẹ̀rì kọsẹ̀ nínú wọn ni kí ó yan ohun tí kò rí. A dábàá ìbéèrè mẹ́rin tí ó ń mú ènìyàn ṣáájú nọ́ńbà, a sì fi ìṣirò hàn pé nọ́ńbà tí à ń bẹ̀rù kò wúwo tó bí a ti rò.

Fún àwa tí a wà lẹ́nu iṣẹ́ lámèyítọ́, iṣẹ́ ṣì wà nílẹ̀. Àwọn ìdiwọ̀n tí a fi ń ṣe àgbéyẹ̀wò ìfìwàwẹ̀dá nínú ìwé gbà pé ẹ̀dá ti parí kí òǹkàwé tó pàdé rẹ̀. Ẹ̀dá tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ níhìn-ín kò parí. Ẹni tí ó dá a ṣì ń dá a lọ́wọ́ bí ó ti ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó yẹ kí a wá ìdiwọ̀n tí yóò gba irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ń kọ́ eré-onítàn kíkọ sì dán ìbéèrè mẹ́rin náà wò lórí àwọn ẹ̀dá tiwọn kí wọ́n tó kọ ìran kìíní.